Òrí Lára Ẹ̀rọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé Kánò, torí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí géńdé ọkùnrin ò lè la ẹnu sọ pé rárá.

Iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́, ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le bí òkúta. Ìwé tèmi ò ju pírámárì fọ́ọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí rédíò bá ti dákẹ́, èmi Dìran, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Mo gba fíríìdọ́mù tán, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí kọ́sítọ́mà, mo kàn jókòó sílé bàbá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, mò ń ka ewúrẹ́ tó ń kọjá. Ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àṣàbí, bá ránṣẹ́ sí mi láti Kánò pé kí n máa bọ̀, pé ní Sábó Gàrí táwọn ń gbé, kò sílé tí ò ní rédíò tó ti kú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo di àpótí irinṣẹ́ mi, mo wọ rélùwéè. Rélùwéè ṣì ń rìn nígbà yẹn o. Ẹ má bi mí bó ṣe rìn ín.

Ọkọ Àṣàbí ló gbà mí sílé, Bọ̀ọ̀dá Akínṣọlá. Kánò ni wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wọn débẹ̀. Háúsá wọn dùn ju Yorùbá wọn lọ. Wọ́n ń ta ṣúgà, mílíìkì, sàdíìnì, ọṣẹ, àwọn sì tún ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n fún mi ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kíṣínì, wọ́n ní kí n gbé tábìlì iṣẹ́ mi síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, abọ́ wọn ni mò ń jẹ. Ìwà kan ni wọ́n kàn ní: tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó ń gbélé ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tó ń jẹ, tó ń sùn, ṣé òun ló máa wá sọ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́.

Ohun tí mo ń wá ní Kánò ò ju ẹyọ kan lọ. Kí Sábó Gàrí mọ̀ mí sí ẹni tó mọṣẹ́, kí n lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara mi níbẹ̀. Tí ìyẹn ò bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kí n lọ máa bá bàbá mi kọ ebè, kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa bi mí pé Kánò ńkọ́.

Ìkórè ti ń sún mọ́lé, ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo èèyàn ti ń là, ni ańpilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ni, ó wúwo bí àgbò. Ẹni tó máa ń tún un ṣe ni Bartholomew, ọkùnrin Íbò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹnúgu Ródù. Bartholomew tú u, ó rí i pé tìràńsítọ̀ ńláńlá tó ń gbé ohùn síta ti jó, ó fi tuntun sí i. Ó ku kó dè wọ́n mọ́ àyè wọn. Ó lóun ò ní dè wọ́n. Ó ní ìpara funfun tí wọ́n ń fi sábẹ́ tìràńsítọ̀ ti tán lọ́wọ́ òun, bọ́dà wà ní títì, nǹkan ò wọlé, pé ẹnì kan ń bá òun mú un bọ̀ láti Èkó, kí ìjọ ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìpara yìí, torí òun gan-an lọ̀rọ̀. Tìràńsítọ̀ ńlá máa ń gbóná tó bá ń ṣiṣẹ́, ooru ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe máa ń dè é mọ́ irin kan tó ní ìyẹ́ ìyẹ́ bíi lẹbẹ ẹja, òun là ń pè ní híìtì-sínkì. Irin yẹn ló ń gba ooru, ló ń fọ́n ọn sí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n irin kì í bá irin dọ́gba, bó ti wù kó dán tó. Àlàfo máa wà láàrin wọn tí ojú ò ní rí, afẹ́fẹ́ á kó síbẹ̀, ooru ò ní lè kọjá. Ìpara funfun yẹn ló ń dí àlàfo. Ó ki, iná kì í gba inú ẹ̀ kọjá, bó ti wù kó gbóná tó, kì í yọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ńṣe ni tìràńsítọ̀ á jókòó, á máa se ara ẹ̀.

"Ìpara!" Bọ̀ọ̀dá ń pariwo bọ̀ láti Ẹnúgu Ródù, alábàárù ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ańpilifáyà lórí. Wọ́n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú tábìlì mi. "Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àlejò láti Kàdúná ti ń múra, Bartholomew ní ká dúró de ìpara! Ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín lẹ̀rọ ni? Dìran, bá wa dè é jàre. Ṣé a ò léèyàn tiwa ni?"

Inú mi dùn. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì! Gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ pé èmi ni. Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Bartholomew ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Bọ̀ọ̀dá, òótọ́ ló sọ. Ìpara yẹn nìkan ló kù."

"Ìwọ ò ní in?"

"Mi ò ní in, sà."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó funfun, sà. Ó ki."

"Ó máa ń yọ̀?"

"Ó máa ń yọ̀ díẹ̀, sà."

Wọ́n wọlé. Ìgbà tí wọ́n máa jáde, igbá òrí Àṣàbí ló wà lọ́wọ́ wọn, ṣíbí dúró lóòró nínú ẹ̀.

"Òrí ńkọ́?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré, mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, òrí a máa yọ́."

"Òrí wo? Eléyìí?" Wọ́n fi ìdí ṣíbí kan ojú òrí, ó dún kó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni, ọyẹ́ ti mú un le bí àbẹ́là. "Èyí tí mo fi ṣíbí wa nísìnyí tí ṣíbí fẹ́ẹ̀ ká! Òrí tó ń wo ẹsẹ̀ lílà, tó ń mú ara ọmọ tuntun tutù. Ooru ẹ̀rọ wo ló máa wá ju agbára ẹ̀ lọ?"

"Ṣé ẹ rí i, sà, inú ẹ̀rọ yẹn…"

"Dìran."

Wọn ò sọ ju ìyẹn lọ. Wọn ò sọ pé ilé ta lò ń gbé, wọn ò sọ pé oúnjẹ ta lò ń jẹ. Wọ́n kàn pe orúkọ mi, wọ́n sì gbé igbá ka orí tábìlì. Mo wo igbá. Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ẹ wò ó, kí n tó lè fi òrí yẹn pa á, mo ní láti kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mi rà á. Ooru ọwọ́ lásán, ó ti ń yọ́. Mo rí i. Ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé èyí tí ò lè fara da ọwọ́ èèyàn, báwo ló ṣe máa fara da tìràńsítọ̀? Mo pa á síbẹ̀ náà. Mo de nọ́ọ̀tì, mo fi iná sí i. Ẹ̀rọ náà fọhùn! Òtútù àárọ̀ ọyẹ́, a ò jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, kò ráyè gbóná. Bọ̀ọ̀dá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Bartholomew kàn fẹ́ máa fi ìpara dá wa dúró ni!" Wọ́n gbá mi lẹ́yìn. Àṣàbí wà lọ́jà ní gbogbo àsìkò yẹn, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òrí ẹ̀.

Ọjọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta. Wọ́n kó iṣu, ìrẹsì, ewúrẹ́, àdìẹ síwájú. Wọ́n gbé ańpilifáyà sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin, họ́ọ̀nù agbóhùnsókè méjì sì wà lókè ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì. Bọ̀ọ̀dá wọ agbádá. Wọ́n gbé mi sí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà níwájú, wọ́n ń nawọ́ sí mi fún àwọn ará Kàdúná pé, "Àna mi nìyẹn. Òun ló ṣe é." Èmi náà na ọrùn, kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Orin lọ, àdúrà lọ, pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Òòrùn ti là, èèyàn pọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ti móoru. Mo kọ́kọ́ rò pé imú mi ló ń tàn mí. Òórùn kan ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá kan lẹ́yìn mi yíjú sí ìyá kejì, ó ní, "Ta ló ń para fọ́mọ níbí?" Ìyẹn ní, "Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ ọ? Òrí ni." Wùnmí, ọmọ Àṣàbí, tí Yorùbá kì í tètè bọ́ lẹ́nu ẹ̀, wò mí láti àárín àwọn ọ̀dọ́, ó fi ọwọ́ di imú, ó ní, "Kawu, man kaɗe!" Kawu ló ń pè mí, bí àwọn Háúsá ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá. Man kaɗe, òrí náà ni. Àwọn ọmọ tó kù fẹnu sábẹ́ aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ dìde kí n lọ pa iná ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìde níwájú gbogbo ìjọ ti fi ara ẹ̀ hàn. Mo jókòó. Mo ń gbàdúrà kí pásítọ̀ tètè ṣe àmín. Ohùn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú họ́ọ̀nù, bí ẹni pé òtútù ń mú un. Ó wí kíún, kò wí mọ́, ó ké gan-an bí àgùtàn, èéfín funfun sì yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Àdìẹ ìkórè nìkan ló ń ké.

Olújìmí, ọ̀gá àwọn akọrin, ló sáré fa wáyà yọ. Ẹni tí ò lè ṣe kó má pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni, kódà níbi òkú. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ síta. Òróró ti ṣàn láti ara híìtì-sínkì sórí aṣọ funfun, ó ti tẹ́ lọ bíi ìtọ̀ ọmọdé. Olújìmí fi ìka kàn án, ó gbé e símú.

"Òrí! Ẹ̀yin ará, òrí ni o!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ń dì mọ́ra wọn. Olújìmí yíjú sí mi, "Dìran! Ṣé ara ń ha ẹ̀rọ ni, àbí ọyẹ́ ló mú un lẹ́sẹ̀?" Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un ni, kó wá pọ̀n ọ́n!" Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Pásítọ̀ gan-an, mo rí i tó yíjú sógiri tí èjìká ẹ̀ ń mì.

Mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Ọrùn tí mo nà láàárọ̀, mo ń wá bí màá ṣe kó o padà sínú ẹ̀wù. Ohun tó wá dùn mí jù nìyí: Olújìmí yíjú sí Bọ̀ọ̀dá, ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹni tiwa tẹ́ ẹ ní ẹ gbé iṣẹ́ fún nìyí?"

Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Mo ní nínú ara mi pé ní báyìí, wọ́n á sọ ọ́. Wọ́n á fi ṣe àwàdà, wọ́n á ní, ẹ fi í sílẹ̀, èmi àgbàyà yìí ni. Bọ̀ọ̀dá ṣí ìwé orin wọn, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọn kì í bèèrè."

Ẹni tí wọ́n bá fi orí ẹ̀ fọ́ àgbọn, àwọn àgbà ní kì í bá wọn jẹ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Mi ò bá wọn jẹ nínú ìrẹsì Ìkórè.

Nígbà tí mo ń kọjá lọ sílé, àwọn ọmọ Sábó ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń ké, "Mai man kaɗe! Mai man kaɗe!" bí ẹni pé mò ń kiri òrí. Àwọn tó ń jókòó níwájú ilé ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣàlàyé. Ọ̀nà tí kò gùn rárá, ó gùn lójú mi bí ẹni pé mò ń rìn dé Gwagwarwa, àdúgbò mìíràn.

Lọ́sàn-án yẹn, Àṣàbí gbé oúnjẹ Bọ̀ọ̀dá sórí tábìlì. Ó wá yà sí yàrá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìran, ìwọ lo bu òrí mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to irinṣẹ́ mi.

"Yàrá mi lòrí yẹn wà, lábẹ́ ibùsùn. Láti ọjọ́ tó o ti dé, o ò wọ yàrá yẹn rí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá dárúkọ ọkọ ẹ̀, mo ti da àárín wọn rú. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó lọ. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ tó wọ yàrá, tó tún jáde. Mo yọjú. Àṣàbí gbé igbá òrí, ó gbé e ka orí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀ gan-an, iwájú Bọ̀ọ̀dá. Ibi tí ṣíbí ti wa á ṣì hàn gbàgà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun o, Bàbá Wùnmí," ó sì jáde lọ ká aṣọ tó sá. Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́ sí òkèlè, wọ́n wo igbá, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọn ò jẹun náà mọ́. Èmi ni mo sá padà sínú yàrá, torí ó tì mí lójú láti rí àgbà nínú irú ipò yẹn. Ẹ ò rí nǹkan? Èmi tí wọ́n fi ṣẹ̀sín, èmi lojú tún ń tì nítorí wọn.

Mo di ẹrù. Mo ti pinnu. Ta ló tún máa gbé rédíò fún mi ní Sábó? Rélùwéè tó bá kọ́kọ́ ń lọ, òun ni màá wọ̀.

Ní àárọ̀, mo ń so okùn mọ́ àpótí irinṣẹ́ mi nígbà tí Bọ̀ọ̀dá dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rí àpótí, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò rí i. Wọ́n ní, "Gbé sọ́dà ẹ, ká lọ."

"Níbo, sà?"

Mo mú sọ́dà, irin tí mo fi ń jó wáyà pọ̀, lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé wọn jáde. Ańpilifáyà wà nílẹ̀ níwájú ilé, ó ń rùn. Mo ń wá alábàárù kiri. Bọ̀ọ̀dá ká apá agbádá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e rù. Àwọn! Àgbà tó jẹ́ pé bí Bíbélì ẹ̀ bá wúwo, ẹnì kan á bá a gbé e. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e." Wọ́n ní, "Bá mi gbé e rù, Dìran." Ohùn ọjọ́sí yẹn náà ni. Mo bá wọn gbé e rù.

Bá a ṣe ń lọ nìyẹn. Àwọn Háúsá tó ń kí wọn lójoojúmọ́ ń dúró. "Ranka ya daɗe, kai ne da kaya?" Kí ẹ̀mí yín gùn o, ṣé ẹ̀yin lẹ rẹrù? Bọ̀ọ̀dá ń dáhùn pé, "Ni ne, ni ne," àwọn ni, àwọn ni, òógùn ń yọ lójú wọn nínú ọyẹ́. Èmi ń rìn lẹ́yìn pẹ̀lú sọ́dà lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń wò mí bí ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ kígbe pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Bartholomew ti ń rẹ́rìn-ín ká tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ta ni ò gbọ́?

"Baba! Wetin dey smell so? Na kosai una fry inside?" Ó ní ṣé àkàrà la dín nínú ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "And na you be the engineer?"

Mo wolẹ̀. Bọ̀ọ̀dá sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n dúró kí èémí wọn balẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ nu òógùn. Wọn ò wò mí o. Bartholomew ni wọ́n kọjú sí, èdè Háúsá ni wọ́n sì fi sọ ọ́, èdè tí wọ́n fi ṣeré nílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

"Bartholomew, ba laifin yaron nan ba ne. Ya faɗa mini, na ƙi ji. Laifina ne."

Mo ti gbọ́ Háúsá débi tí ìyẹn fi yé mi. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi ọmọkùnrin yìí. Wọ́n ní ó sọ fún àwọn, àwọn kọ̀, àwọn ò gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni.

Ẹ gbọ́, inú mi ì bá dùn. Ohun tí mo ń fẹ́ gbọ́ látàná nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí wọn tó pá tí wọ́n ṣí fìlà kúrò lórí ẹ̀, níwájú ọkùnrin tí wọ́n bú lójú èmi náà, ńṣe ni omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì kan tó wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀tì yẹn, mo lè yà á fún yín lónìí.

Bartholomew ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí mi.

"You know say e go melt?"

"I know."

"You tell am?"

"I tell am one time."

"Why you no tell am two times?"

"Na my sister husband."

"Ehn." Ó mi orí. "For my side too, na so e be." Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú nǹkan kan jáde, tíúbù kékeré bíi ti ìpara ìfọyín. Ìpara Èkó ti dé. Kò fún Bọ̀ọ̀dá, kò sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Èmi ló nà án sí. "Oya. Do am, make I see."

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe lónìí, ẹ fetí sí i bí mo ṣe ṣe é, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo rí i pé wáyà ò sí lára ògiri. Mo dúró kí iná tó sá pamọ́ sínú ẹ̀rọ kú tán, torí ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ wáyà ẹ̀ ṣì lè gbá èèyàn. Mo ti ilẹ̀kùn kí eruku ọyẹ́ má baà wọlé. Mo fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ àti sípíríìtì nu òrí kúrò, mo nu ún, mo tún un nu, títí aṣọ fi funfun kalẹ̀. Mi ò fi ọ̀bẹ ha á, torí ibi tí ọ̀bẹ bá ti ha, ihò tuntun nìyẹn. Bartholomew fún mi ní tìràńsítọ̀ tuntun. Mo fún ìpara bí ẹyọ ìrẹsì kan. Ẹni tó bá ní kóun lawọ́ síbẹ̀, ó ti bà á jẹ́. Tó bá ti nípọn jù, òun gan-an á di ìdènà fún ooru. Mo tẹ́ ẹ títí mo fi ń rí irin nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo fi ewé máíkà tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà lé e, kí iná má baà kan irin, mo fi ìpara díẹ̀ sí ìhà kejì, mo gbé tìràńsítọ̀ kà á. Mo de nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, mo de ti òsì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó lè jókòó dọ́gba. Mo nu èyí tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi mítà wò ó pé iná ò ráyè kọjá sára irin. Lẹ́yìn náà mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí n tó fi nu ojú, torí ìpara yẹn kì í ṣe ohun ojú, kì í sì í ṣe ohun ẹnu.

Nítorí ilẹ̀kùn tí mo tì, inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Ẹni tó ń bá mi mú tọ́ọ̀ṣì ni Bọ̀ọ̀dá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ò kúrò lórí ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà. Mi ò gbójú sókè. Èmi fẹ́ sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó, kò sí nǹkan." Báwo ni ọmọdé ṣe ń dárí ji àgbà? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Bartholomew fi iná sí i, ó gbé rédíò sí i lára, ó jẹ́ kó ké títí híìtì-sínkì fi gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè pẹ́ lára ẹ̀. Kò gbọ̀n, kò wí kíún. Ó ní, "This one sabi work." Ó nàka sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀, ó ní tábìlì mi lè gba ibẹ̀. Mo lọ tú okùn lára àpótí mi.

Bartholomew bi mí lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá lọ tán pé ṣé kóun bá mi sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, òun ò bẹ̀rù ẹnì kankan. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ ọ́, Àṣàbí ló máa máa jókòó láàrin àwọn ìyá, tí wọ́n á máa wò.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ti wà lórí tábìlì. Wọ́n ti fọ aṣọ funfun, àbàwọ́n ẹ̀ ò sì lọ tán. Èmi jókòó sẹ́yìn pátápátá. Olújìmí kọjá, ó fi imú fa atẹ́gùn fíìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Ó wá pe Bọ̀ọ̀dá pé, "Bàbá Ìjọ, ẹ wá kọ́kọ́ fọhùn sí i, ká mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ti san."

Bọ̀ọ̀dá gba máíìkì. Wọ́n dúró. Wọn ò sọ̀rọ̀.

Ó pẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo họ́ọ̀nù lókè. Ẹnì kan kùn pé ó tún ti kú. Orí kan yí sẹ́yìn sọ́dọ̀ mi, òmíì yí, gbogbo bẹ́ǹṣì yí, Olújìmí ti ya ẹnu, ó ń wá àwàdà tó máa sọ. Ṣùgbọ́n èmi ń gbọ́ ẹ̀rọ mi. Kò kú. Mo ń gbọ́ èémí Bọ̀ọ̀dá nínú họ́ọ̀nù, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó mọ́ gaara bí ẹni pé etí mi ni wọ́n ń mí sí. Ètè wọn ṣí, ó tún pa dé. Àṣàbí ń wo iwájú gan-an, kò ṣẹ́jú.

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ohun tí wọ́n sọ fún Bartholomew náà ni. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má sọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," Bọ̀ọ̀dá ní, ohùn wọn sì gba ojú ilẹ̀kùn jáde, ó lọ dé títì. Èmi ni mo kọ́kọ́ dijú.